Pákó Àpá Tí Mo Gbé Lọ Sórí Ìwọ̀n Oníkòkó

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ilé wa ń gbóòórùn igi àpá, tí kò sí aṣọ kan nínú àpótí mi tí òórùn náà kò wọ̀. Ẹni tí kò bá tíì rí àpá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là kò lè mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ayùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ a pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹ̀pà yíyan. Bí ó bá wá pẹ́ nínú ilé, tí ìmọ́lẹ̀ ń bà á, a máa dúdú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rí bí obì gbígbẹ. Ikán kì í jẹ ẹ́. Omi kì í tètè rà á. Ìṣó kì í wọlé sí i lára àfi bí o bá kọ́kọ́ lu ihò fún un. Bí o bá fi tipátipá kàn án, ìṣó á tẹ̀ tàbí kí pákó là. Ó wúwo débi pé ọkùnrin méjì ní í gbé pákó gígùn kan, àwọn méjèèjì á sì máa ṣépè fún ẹni tó rán wọn níṣẹ́. Ọkọ mi fẹ́ràn igi yìí ju bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ṣe fẹ́ràn ìyàwó wọn lọ. Mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún un, á bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Akọ̀wé, ṣé o ò rí i pé igi kì í bá èèyàn jà lórí owó ọbẹ̀?"

Akọ̀wé ló máa ń pè mí, nítorí pé iṣẹ́ akọ̀wé ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ọmọ Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé ni mí, Áńgílíkà láti ilé baba dé ilé ìyá. Ọmọ Àkókó ni òun, gbẹ́nàgbẹ́nà tó wá jókòó sí ìlú wa, tó sì jẹ́ pé títẹ́ ilẹ̀ onípákó ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Nílé tiwa, iṣẹ́ ìjọba nìkan ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá ní ilé iṣẹ́ ìjọba kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wò mí lójú nígbà tí mo mú ọkọ mi wálé, wọ́n ní, "Nínú gbogbo ọkùnrin tí Ọlọ́run dá, kápẹ́ńtà lo rí?" Láti ọjọ́ náà, bí a bá lọ kí wọn, Yorùbá oníwèé ni wọ́n fi ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá àlejò ọ́fíìsì sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ìsọkúsọ, wọ́n á yí i sí èdè Ọ̀wọ̀, wọ́n á dojú kọ mí. Àlejò lójú, kò fi ríran, làwọn àgbà wí. Ọkọ mi létí náà, kò sì fi gbọ́. Ogún ọdún ló ti lò láàárín wa, gbogbo rẹ̀ ló ń yé e. Yóò máa jẹun rẹ̀ lọ ni, yóò sì kí wọn kú oúnjẹ.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí ìjọ wa ń tún ṣọ́ọ̀ṣì kọ́, tí wọ́n sì fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé. Wọ́n fẹ́ kí pèpéle iwájú pẹpẹ àti ibi tí àwọn akọrin ń jókòó sí jẹ́ onípákó. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ mi ṣe é. Wọ́n ní, "Ìwọ lo ń fi ojú rẹ dúró fún un o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo fi ojú mi dúró. Kí a tó ṣíwọ́ ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kò sí obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa tí kò tíì gbọ́ pé ọkọ mi ni yóò tẹ́ ilẹ̀ pẹpẹ. Mo ti sọ fún gbogbo wọn. Ẹnu mi kì í gbófo nígbà náà.

Òkèlúsé ni ọkọ mi ti rí igi náà, ní ẹ̀bá oko kòkó bàbá àgbàlagbà kan. Bàbá náà wò ó tìyanu tìyanu, ó ní, "Ọmọ mi, àpá lo fẹ́ gé yìí. Ṣé o ti bá àwọn tó ni ín sọ̀rọ̀?" Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ àwọn tí bàbá náà ń sọ, wọ́n ní orí àpá ni àwọn ìyá máa ń ṣe ìpàdé sí. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀." Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n gé igi, wọ́n là á ní sọ́mìlì, ọkọ̀ sì kó pákó dé ẹ̀yìnkùlé wa bí òjò ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Bí ọkọ mi ṣe ń tọ́jú pákó, n kò rí ẹlòmíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ́ àtíbàbà tí kò lógiri, kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Ó to pákó lórí ara wọn, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà fara kanra, ó sì fi ọ̀dà kun orí wọn níbi tí ayùn ti gé wọn kí wọ́n má baà là. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má sá aṣọ sí ìtòsí ibẹ̀. Èmi akọ̀wé, mo sá a. Òjò àìròtẹ́lẹ̀ kan rọ̀, omi ara àpá ta sí búláúsì funfun mi, ó pọ́n bí ìgbà tí èèyàn da epo sí i, kò sì mọ́ títí di òní. Inú bí mi, mo pariwo títí, ó ní, "Mo sọ fún ọ pé omi ṣì wà nínú rẹ̀."

Omi inú rẹ̀ yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ní bí wọ́n bá tẹ́ àpá sílẹ̀ láìgbẹ, yóò dákẹ́ ní ìgbà òjò, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, yóò fún, yóò sì ká. Ó ní ó lè gbà tó ẹ̀ẹ̀rùn méjì. Láti mọ ìgbà tó gbẹ, ó gé àpólà pákó kan, ó kùn ún lórí, ó tò ó mọ́ àwọn yòókù. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, á gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá oníkòkó kan ní Ìsùàdà, á gbé e sórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kòkó, á sì fi pẹ́ńsù kọ kílò rẹ̀ sí ara pákó náà. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń fúyẹ́, omi ṣì ń jáde. Bí oṣù méjì bá tẹ̀ léra tí kò fúyẹ́ mọ́, ó gbẹ nìyẹn. Àwọn oníkòkó a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ọkọ mi gbé ọmọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́. Kílò mọ́kànlá ni wọ́n kọ́kọ́ bá lára rẹ̀. Ó ń dín, ó ń dín, ó kan mẹ́sàn-án.

Ìgbà tó kan mẹ́sàn-án yìí ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní bíṣọ́ọ̀bù ti dá ọjọ́ ìyàsímímọ́, inú oṣù kẹfà ni. "Sọ fún ọkọ rẹ pé bí ilẹ̀ náà kò bá níí ṣe é ṣe, táìsì wà lọ́jà. A ó tẹ́ táìsì, a ó sì kó pákó rẹ̀ fún un." Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní kí wọ́n tẹ́ táìsì. Háà! Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni pé wọ́n ní kí ó gbé àga sún. Mo bá a jà. Mo ní ṣé ó fẹ́ kí àwọn èèyàn mi máa fi mí ṣẹ̀sín títí ayé ni. Ó ní igi kò mọ bíṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi bá a sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ó ṣe sùúrù fún mi bó ṣe ń ṣe sùúrù fún igi. Ó ní, "Jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ní ìparí oṣù yìí. Ohun tí ìwọ̀n bá sọ ni a ó ṣe."

Ìparí oṣù dé, ibà dá a wó. Ó ń gbọ̀n lórí ibùsùn, síbẹ̀ ó ń bèèrè ọjọ́ tí oṣù pé. Ó ní, "Akọ̀wé, bá mi gbé e lọ. Ìwọ lo mọ nọ́ńbà jù mí lọ." Mo ru àpólà náà, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìsùàdà. Bàbá oníkòkó kò sí níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n wọ̀n ọ́n fúnra mi, òun ń yí kòkó lórí ẹní. Mo gbé e sórí ìwọ̀n. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Mẹ́jọ àtààbọ̀ ni. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo tún gbé e sókè. Mẹ́jọ àtààbọ̀. Ó ṣì ń dín.

Mo mú pẹ́ńsù tó so mọ́ ọn. Ẹ má sọ fún mi pé èṣù ni, ọwọ́ ara mi ni. Mo kọ mẹ́sàn-án. Ọ̀nà tí mo fi kọ ọ́ dára, ó rí rọ̀gọ̀dọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé. Mo ń sọ nínú ara mi pé kí ni ààbọ̀ kílò jẹ́? Ẹran ọbẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo délé, mo ní, "Kò dín o, Bàbá Àwọn Ọmọ. Mẹ́sàn-án ló ṣì wà." Ó gbé orí sókè, ó wo pákó náà pẹ́. Ó ní, "Mo rò pé yóò tó ẹ̀ẹ̀rùn méjì. Igi yìí mà yára." Mo ní Ọlọ́run ló ṣe é. Àní mo dárúkọ Ọlọ́run sí i.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, mo bá a tó kúnlẹ̀ síwájú pẹpẹ, tó fi àtẹ́lẹwọ́ lé orí pákó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìfági fá. Ó di ojú rẹ̀. Ó ní, "Wá fọwọ́ kàn án." Mo fọwọ́ kàn án, n kò mọ nǹkan kan tí mo fọwọ́ kàn. Ó ní, "Ó tutù sí mi lọ́wọ́. Bí mo bá fá a, ohun tó ń bọ́ lára rẹ̀ ń rọ̀, kì í ṣẹ́. Ọwọ́ mi ń sọ fún mi pé kò tíì tó." Mo lè sọ ọ́ nígbà náà. Kò sí ẹnìkejì níbẹ̀, kò sì tíì kan skúrù kan. Mo ní, "Ìwọ̀n ńkọ́? Ṣé ìwọ̀n náà ń ṣàìsàn ni?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ó lè jẹ́ ibà ló ṣì wà lọ́wọ́ mi." Ó mú skúrù, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ọjọ́ ìyàsímímọ́, ẹ̀yin ará, ẹ̀ bá wà níbẹ̀! Pèpéle ń dán, pákó kò fi àyè irun kan sílẹ̀ láàárín ara wọn. Bíṣọ́ọ̀bù dúró lórí rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n bèèrè ẹni tó ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àna mi ni." Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa pe ọkọ mi ní àna nìyẹn. Mo wo àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n rí i dájú pé wọ́n gbọ́. Òmùgọ̀ obìnrin, mo tiẹ̀ sunkún ayọ̀.

Ọyẹ́ ọdún yẹn le. Kí Kérésìmesì tó dé, pákó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àlùfáà á wà lórí ìwàásù, igi á dún pàá! àwọn akọrin á sì ta gìrì. Àlàfo yọ láàárín wọn, ó fẹ̀ tó kí ìka ọwọ́ bọ́ sínú rẹ̀. Etí pákó ká sókè, orí skúrù yọ. Ní ìsìn ọdún tuntun, ìyá ìjọ wa, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ń gòkè lọ gba oúnjẹ Olúwa. Ẹnu ọ̀pá wọn bọ́ sínú àlàfo. Kí a tó sáré dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti ṣubú. Egungun ìbàdí ló ṣẹ́. Wọn kò fi ẹsẹ̀ ara wọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Ìjọ ṣe ìpàdé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀, wọn kò tilẹ̀ yí i sí èdè Ọ̀wọ̀ kí ọkọ mi má baà gbọ́. Wọ́n ní ohun tí èèyàn máa rí nìyẹn bí èèyàn bá gbé iṣẹ́ Ọlọ́run fún ará oko. Ẹlòmíràn dìde, ó ní igi àjẹ́ ni wọ́n gbé síwájú pẹpẹ, kí ni wọ́n ń retí? Àwọn èèyàn ń mi orí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ lónìí: èmi náà mi orí. Ara tù mí pé wọ́n rí àjẹ́ kan tó lè gbé ẹ̀bi náà, níwọ̀n ìgbà tí kì í ti ṣe èmi tí mo jókòó sí àárín wọn. Ọkọ mi dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìjọ. Ó ní, "Igi kò ṣe nǹkan kan. Kò tíì gbẹ, èmi ni mo tẹ́ ẹ. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ jẹ́ kí n tú u, kí n sá a di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, kí n tún un tẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́." Kò dárúkọ ìwọ̀n. Kò dárúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ náà mọ́. Kápẹ́ńtà mìíràn ni wọ́n pè, ó fi gọ́ọ̀mù àti èérún igi dí àwọn àlàfo náà, ó sì fá etí wọn dọ́gba.

Láti ìgbà náà ni ọkọ mi kò ti tẹ́ ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n wá láti Àkúrẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ò ṣe é mọ́. Àga ìdáná àti ilé adìẹ ló kù tó ń kàn. Èyí tó dùn mí jù ni pé kò gba ọwọ́ ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Á gbé pákó lásán, arère tí ọmọdé pàápàá lè mọ̀ pé ó ti gbẹ, á fọwọ́ pa á, á gbé e sílẹ̀, á tún fọwọ́ pa á. Á ní, "Akọ̀wé, wò ó bá mi." Èmi! Mo wá di ẹni tó ń bá a wo igi. Ìgbà púpọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Mo ní jẹ́ kí ìyá ìjọ kọ́kọ́ gbádùn. Ìyá ìjọ kú. Mo ní jẹ́ kí ìbínú ẹ̀gbọ́n mi rọlẹ̀. Mo ní jẹ́ kí ọmọ wa ṣègbéyàwó ná. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, gbogbo wa la mọ òwe náà sórí, kò sì dí ẹnì kan lọ́wọ́ rí.

Ọdún kẹrin ni àìsàn dé, kì í ṣe ibà lọ́tẹ̀ yìí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo ń fi omi gbígbóná nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ó ní, "Akọ̀wé." Mo ní, "Sà." Ó ní, "Ọjọ́ tí o gbé pákó lọ sí Ìsùàdà yẹn. Ṣé o wo ìwọ̀n náà dáadáa?" Kò bínú. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń bèèrè ibi tí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ sí. Ó ti fi ọdún mẹ́rin gbé ìbéèrè yẹn kiri, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ló bi mí.

Mo ní, "Mo wò ó dáadáa."

Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. A jẹ́ pé ọwọ́ mi ló tàn mí." Kò sọ nǹkan kan mọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn ìyẹn, ó kú.

Lónìí, ilẹ̀ pẹpẹ wa ti dúdú, ó ti balẹ̀, kò ké mọ́ bí ọyẹ́ bá tilẹ̀ le tó báwo. Àwọn àlejò tó wá ṣègbéyàwó a máa dúró lórí rẹ̀ ya fọ́tò. Wọ́n á bi mí, nítorí pé mo ti di àgbà ìjọ, pé irú igi wo nìyí. Mo máa ń sọ fún wọn pé àpá ni, pé ikán kì í jẹ ẹ́, pé ó ń pẹ́ láyé. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mò ń kúnlẹ̀ lórí rẹ̀ gba ara Olúwa, pẹ̀lú ẹnu kan náà yìí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Èmi ò rí ẹni tó ń lé tèmi. Bí mo bá tiẹ̀ dìde láàárín ìjọ lọ́la tí mo jẹ́wọ́, wọ́n á ní arúgbó ń ṣàárẹ̀, wọ́n á fún mi lómi mu. Kì í sì í ṣe àwọn ni mo jẹ ní gbèsè ọ̀rọ̀ náà.

Mo ti dẹ́kun bíbéèrè ìdáríjì fún pákó, fún àlàfo, àti fún ìyá ìjọ pàápàá, kí Ọlọ́run má bínú sí mi. Ohun kan ni n kò lè gbé kúrò. Ọkùnrin kan fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọwọ́ rẹ̀ títí ọwọ́ náà fi mọ ohun tí ojú kò rí. Ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ó bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ bóyá ọwọ́ náà jẹ́ olóòótọ́. Ó jẹ́ olóòótọ́. N kò sọ fún un.